Àkọtúnkọ Nínú Àká Ìsọfúnni: Àpẹẹrẹ Láti Lekki àti Ajah

Bí a bá ń kó ìsọfúnni láti orí àtẹ ìṣirò kọ̀ǹpútà sínú àká ìsọfúnni, kọ̀ǹpútà a máa kọ ohun mìíràn sílẹ̀ nítorí pé irú rẹ̀ ti wọlé ṣáájú. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní àkọtúnkọ, ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá bí àsọtúnsọ àti àwítúnwí. Ṣùgbọ́n àkọtúnkọ lè fara pamọ́, ó sì lè jẹ́ ti èké.

Lekki ni orúkọ ìlú àtijọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lekki. Lekki kan náà ni a ń pe àdúgbò tuntun ní Etí-Ọ̀sà, nítòsí Victoria Island. Bí orúkọ nìkan bá jẹ́ àmì ìdánimọ̀, kọ̀ǹpútà yóò ka ibi méjì sí ọ̀kan. Àkọtúnkọ èké nìyí. Ní ìdà kejì, bí akọ̀wé kan bá kọ Ajah, tí èkejì kọ Aja, tí ẹ̀kẹta sì fi àlàfo sí ìparí ọ̀rọ̀, ibi kan ṣoṣo di mẹ́ta. Àkọtúnkọ tí ó fara pamọ́ nìyẹn.

Àmì ohùn Yorùbá tún dá kún ìṣòro náà. A lè tẹ ẹ kí a fi àmì lé e lórí. A sì lè tẹ é kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn rí lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà rí méjì. Bí a bá sì ní kí ó fojú fo gbogbo àmì, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2022, àjọ INEC yọ 2,780,756 kúrò nínú àwọn 12,298,944 tí ó parí ìforúkọsílẹ̀ tuntun láti dìbò. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà lára wọn. Ìka ọwọ́ àti ojú ni a fi ṣe àyẹ̀wò náà, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tí a bá ṣèèṣì kà sí àkọtúnkọ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdánù ìbò rẹ̀.

Nítorí náà, nọ́ńbà ni ó yẹ kí ó jẹ́ àmì ìdánimọ̀, bí NIN onídígíìtì 11. Kí a gé àlàfo ìparí kúrò, kí a fi ìlànà NFC ti Unicode sọ ọ̀nà ìtẹ̀ di ọ̀kan, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ àyẹ̀wò ná. Èyí tí ó bá jọra, kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pa á rẹ́. Àgbẹ̀ a máa ṣa àgbàdo kí ó tó kó o sí àká.