Kọ̀ǹpútà alágbèéká fún géèmù tí kò tàn

Kọ̀ǹpútà alágbèéká fún géèmù tí kò tàn ni èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀. Oríṣi méjì ni.

Nínú ti àkọ́kọ́, iná kankan kò hàn, fáànù kò sì yí. Èyí sábà máa ń jẹ́ àbùkù ṣájà, bátìrì tàbí bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń lo ṣájà wáàtì 180 sí 330. Ṣájà fóònù kò lè gbé e.

Nínú ti èkejì, iná ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ó lè jẹ́ RAM ni kò jókòó dáadáa. Bí àwòrán bá hàn lórí ojú ẹ̀rọ mìíràn tí a so mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé ojú tirẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Kí a tó gbé e lọ fún àtúnṣe, a lè yọ ṣájà, kí a tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí a sì tún un tàn.

Bátìrì tó bá wú lè gbiná: a kò gbọdọ̀ ṣájì rẹ̀. Àwọn fáìlì sábà máa ń wà nínú díìsì láìbàjẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí a jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́ kí a tó mọ ibi tí àbùkù wà.