Ìràpadà: Iṣẹ́ Ìwọ̀fà Kì í San Gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dúró béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ìràpadà.

Láìpẹ́ yìí, ìyá àgbà kan nínú ìjọ sọ fún mi pé òun kì í jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan nígbà èwe, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń fi ààwẹ̀, ọrẹ àti ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí kan “san án díẹ̀díẹ̀.” Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ro bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ jáde, àti àwọn tí ó wọ aṣọ àlùfáà pàápàá.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò jẹ mọ́ dídá ẹrú tàbí òǹdè sílẹ̀ nípa sísan owó. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, mọ irú ipò bẹ́ẹ̀ lára. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á lójú omi ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Kì í ṣe òun ni ó já ìdè ara rẹ̀.

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Èlé nìkan ni iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún. Bí ó ti wù kí ebè tí ó kọ pọ̀ tó, owó tí a yá kò dín ní owó ẹyọ kan. Àfi kí ẹnìkan san án pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Róòmù orí kẹfà ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn: kì í ṣe àkójọ àṣìṣe nìkan, ọ̀gá tí ń mú ènìyàn sìn ni.

Àfiwé yìí a máa tiro níbì kan: ta ni a san owó náà fún? Origen ní èṣù ni. Gregory ti Nazianzus kọ̀ ọ́, nítorí kò yẹ kí olè gba owó ohun tí ó jí. Nínú ìwé tí ó parí ní 1098, Anselm ti Canterbury ní Ọlọ́run ni a jẹ ní gbèsè, nítorí ọlá rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́. Ní tèmi, Ìwé Mímọ́ tẹnu mọ́ ẹni tí ó san án ju ẹni tí ó gbà á lọ.

Ǹjẹ́ kí a wá káwọ́ gbera nítorí a ti san án? Rárá. Ìwọ̀fà tí a rà padà kò ju ọkọ́ sílẹ̀. Oko baba rẹ̀ ni ó padà sí.

Mo ka Éfésù orí kejì, ẹsẹ kẹjọ sí ìkẹwàá, fún ìyá náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè bóyá kí òun dá ìtọ́jú ọmọ náà dúró. Mo ní kí ó máa bá a lọ, kí ó sì wá síbi Oúnjẹ Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ń bọ̀.