Bàlúùnù Ìdènà: Odi Tí A Mọ Sí Òfurufú

Ẹ̀yin ará, odi ni àwọn baba wa máa ń mọ yí ìlú ká nígbà ogun, wọn a sì gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í gba òfurufú wá, odi amọ̀ kò tó mọ́. Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ́ nípa odi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ sí ojú ọ̀run nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 títí dé 1945.

Bàlúùnù yìí kì í ṣe ọkọ̀, nítorí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Àpò ńlá ni, tí a fi aṣọ òwú tí a fi rọ́bà bò rán, tí a sì kùn ní àwọ̀ fàdákà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 62, ìbú rẹ̀ sì tó 25. Háídírójìn, tí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ni ó ń gbé e sókè. Okùn irin so ó mọ́ ẹ̀rọ kan lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ náà ni ó sì ń tú okùn, tí ó sì ń ká a. Ó lè gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 5,000.

Kì í ṣe àpò náà ni ohun ìjà, bí kò ṣe okùn rẹ̀. Iṣẹ́ àpò ni láti gbé okùn dúró. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lè ya ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n tún ta ọgbọ́n kan sí i: bí ọkọ̀ bá kọlù ú, okùn a já lókè àti nísàlẹ̀, aṣọ tí ó dàbí agboòrùn a sì ṣí ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, láti fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn títí yóò fi ṣubú.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Awakọ̀ ọ̀tá tí ó bá rántí èyí a fò gòkè. Bí ó bá sì ti gòkè, kò lè ju bọ́ǹbù sí ibi tí ó fẹ́ gan-an mọ́. Àwọn tí ń yin ìbọn ńlá láti ilẹ̀ a sì rí àyè dojú ìbọn kọ ọ́, èyí tí wọn kò lè tètè ṣe bí ó bá ń sáré kọjá nítòsí ilẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1938 ni a dá ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú tí ń bójú tó iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní àárín 1940, bàlúùnù tó nǹkan bí 1,400, ìdá mẹ́ta wọn kan sì wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti 1941, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkùnrin, nínú òjò àti òtútù.

Síbẹ̀, odi yìí ní àbùkù. Kò lè dá ọkọ̀ tí ó fò ga dúró, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì jìyà púpọ̀ ní 1940 àti 1941. Okùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, nítorí náà ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọlù ú. Ní oṣù kẹsàn-án 1940, ìjì já púpọ̀ nínú wọn, ó sì gbé wọn kọjá òkun dé Sweden àti Denmark. Bí ẹnìkan bá wá bèèrè pé ọkọ̀ ọ̀tá mélòó ni wọ́n mú, ìdáhùn wa ni pé a kì í fi iye ewúrẹ́ tí ó kú sára ọgbà díwọ̀n ìwúlò ọgbà. Iṣu tí ó kù nínú oko ni à ń wò.

Ní oṣù kẹfà 1944, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ǹbù tí ń fò láìní awakọ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ohun tí kò ní awakọ̀ kò ní ìbẹ̀rù, kì í yà fún okùn. Nítorí náà ni a ṣe to bàlúùnù tí ó tó 1,750 sí gúúsù ìlú náà, okùn wọn sì mú ju 200 lọ nínú àwọn bọ́ǹbù náà.

Ní oṣù kan náà, ní ọjọ́ kẹfà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 320 ti Amẹ́ríkà gbé bàlúùnù gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní Faransé. Ènìyàn dúdú ni wọ́n, nígbà tí ẹgbẹ́ ogun ilẹ̀ wọn ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Waverly Woodson, olùtọ́jú aláìsàn láàrin wọn, fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ó tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó kú ní 2005. Ní 2024 ni a tó fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ olùṣọ́ kì í tètè ní ìyìn, nítorí ibi tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba ọgọ́rin ọdún kí a tó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa.