"Sorry for your loss": kí ni Òyìnbó ń sọ gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ikú bá ṣẹlẹ̀ láyé òde òní, orí WhatsApp la ti ń kí ara wa, Gẹ̀ẹ́sì la sì sábà máa ń fi kí i. Ọ̀rọ̀ tí kò bá bọ́ síbi tó yẹ lè dá kún ọgbẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n.

"Loss" ni àdánù. Owó tó sọnù, ìdíje téèyàn pàdánù, èèyàn tó kú, "loss" kan náà ni Òyìnbó ń pè é. Àwa yà wọ́n sọ́tọ̀: òfò ni ti ọjà, ọ̀fọ̀ ni ti èèyàn.

"Grief" ni ẹ̀dùn ọkàn. Látinú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "ohun tó wúwo" ló ti wá. Inú ló ń gbé. "Mourning" ni ọ̀fọ̀ tí ojú ń rí: aṣọ dúdú, opó ṣíṣe. Èèyàn lè bọ́ aṣọ dúdú kí ẹrù náà má tíì sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Torí náà, ẹ má bi í pé, "Ṣé o ò tíì gbàgbé ni?"

"Bereaved" ń bá alààyè wí, "deceased" ni olóògbé. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni "bereaved" látìbẹ̀rẹ̀. Àwa náà kúkú máa ń sọ pé ikú dóró.

Ẹ wo pátákó òkú lára ògiri níbí, ní Ìyànà Ọ̀fà. Bó bá jẹ́ arúgbó, wọ́n á kọ "Celebration of Life". Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, "Painful Exit" tàbí "Gone Too Soon" ni. Òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀ tí àwọn bàbá wa ti yà sọ́tọ̀ náà ni, Gẹ̀ẹ́sì la kàn wọ̀ fún un. Ẹ má ṣe kọ "celebration" sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú.

Gẹ̀ẹ́sì ní "widow", a ní opó. Ó ní "orphan", a ní ọmọ òrukàn. Àmọ́ kò sí orúkọ kan ṣoṣo fún òbí tí ọmọ kú mọ́ lójú, nínú èdè méjèèjì. Àdúrà nìkan la ní: ká má fojú sunkún ọmọ.

Ti ọba tún yàtọ̀. Nígbà tí Olúbàdàn Lekan Balógun wàjà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan lo "joins his ancestors", torí "died" lásán ò tó ọba.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "RIP". Òkú ni wọ́n ń sọ ọ́ fún: kó sùn re. Bẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí opó nìkan, ẹ kí ọkọ rẹ̀, ẹ ò kí òun. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ẹ dárúkọ olóògbé, kẹ́ ẹ sì sọ ohun rere kan tó ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Bí ọ̀nà ò bá jìn, ẹ lọ jókòó tì wọ́n.