Yàrá Ekiadolor Kì Í Ṣe Yàrá London

Ẹni tó bá wá ìmọ̀ràn nípa oorun nínú ìwé ìlera àwọn òyìnbó, ohun kan náà ni yóò máa bá pàdé níbi púpọ̀: kí ooru yàrá wà láàárín 16°C sí 19°C. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà á ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ní London, ẹni tó fẹ́ kí yàrá òun wà ní 18 kò ní ṣe ju kó pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kó sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹ wá gbé e wá sí Ekiadolor, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ovia North-East, lójú ọ̀nà tó ti Bìní lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Èkó. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba òru ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ìta níbẹ̀ kì í sábà tutù ju 21 tàbí 22 lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, bó bá sì di oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù kò sì lè tutù ju ìta lọ lóru. Èrò tèmi ni pé 24 sí 26 ló yẹ ká máa lé nílẹ̀ tiwa, kí afẹ́fẹ́ sì máa rìn nínú yàrá. Òrùlé àti fèrèsé ló ń gbéni débẹ̀, kó tó kan ẹ̀rọ.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ara wa. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ooru inú ara ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì ti fi nǹkan bíi dígírì kan dín kù kí ìdájí tó dé. Ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe é ni pé ó ń da ẹ̀jẹ̀ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ooru lè gba awọ ara jáde. Lọ́dún 1999, Kurt Kräuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland fi hàn pé ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tètè móoru ló máa ń tètè sùn. Ìdí nìyẹn tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ téèyàn fi wẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú àkókò oorun fi ń ranni lọ́wọ́, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó yẹ kó ṣe òdìkejì. Kì í ṣe òtútù ni ara ń wá, ibi tí yóò da ooru rẹ̀ sí ló ń wá. Òógùn náà kò lè tu ara lára àyàfi bó bá gbẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro agbègbè Bìní wà: ní àsìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń kún inú afẹ́fẹ́ òru débi pé òógùn kàn máa ń ṣàn ni. Nítorí náà, yàrá tó wà ní 27 tí afẹ́fẹ́ ń rìn nínú rẹ̀ lè tuni lára ju èyí tó wà ní 25 tí wọ́n sé pa lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ooru ti mọ́ wa lára, pé àwọn baba wa sùn nínú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí tí Ogbonna àti Harris ṣe ní Jos, tó jáde lọ́dún 2008, nǹkan bíi 26 ni ìwọ̀n tí ooru kò ti mú àwọn èèyàn, tí òtútù kò sì mú wọn, bẹ́ẹ̀ Jos tutù ju Bìní lọ dáadáa. Àmọ́ ìmọ́ra náà ní ààlà. Ìwádìí tí Kelton Minor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2022 lo ẹ̀rọ ọrùn-ọwọ́ láti ṣọ́ oorun àwọn èèyàn tó lé ní 47,000 ní orílẹ̀-èdè 68. Ní òru tí ooru rẹ̀ kọjá 30, wọ́n ń pàdánù bí ìṣẹ́jú 14. Ìpalára ooru lórí àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ ń lọ sí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè olówó, ti àwọn àgbàlagbà náà sì burú ju ti ọ̀dọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ìmọ́ra tó, ṣebí àwa tó ń gbé nínú ooru ló yẹ kó pàdánù èyí tó kéré jù? Ẹni tó sì lówó láti ra irú ẹ̀rọ ọrùn-ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí ìyà ooru ń jẹ jù, nítorí náà ìpalára gidi lè ju èyí lọ. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà ní Boston, tó jáde lọ́dún 2023, rí i pé 20 sí 25 ni oorun wọn ti dára jù, pé ó sì ń já wálẹ̀ bí yàrá bá ń ti 25 lọ sí 30. Ẹ ṣàkíyèsí pé nílẹ̀ òyìnbó pàápàá, wọn kò dúró sórí 18.

Ibo wá ni ooru òru ti ń wá? Láti ọ̀sán ni. Páànù tí oòrùn pa látàárọ̀ ń tú ooru sínú ilé, ògiri búlọ́ọ̀kù ń gbé tirẹ̀ mì, á sì máa pọ̀ ọ́ jáde bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn ọ̀mọ̀lé Bìní àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá wo ààfin Ogiamien, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1959, yóò rí ògiri amọ̀ pupa tó nípọn àti àgbàlá tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ooru ń gbà jáde. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sínú ilé amọ̀ o; ògiri tó nípọn náà kì í tètè tutù lóru bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí oòrùn má rí ilé sè lọ́sàn-án, kí ooru sì rí ọ̀nà jáde lálẹ́. Àjà tó ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lábẹ́ páànù, òrùlé tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, igi níhà ìwọ̀ oòrùn, fèrèsé méjì tó kọjú síra. Ayálégbé, irú bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ekiadolor, kò lè tún òrùlé ẹlòmíràn ṣe, ṣùgbọ́n ó lè yẹra fún yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kó ta aṣọ bo fèrèsé lọ́sàn-án, kó ṣí i gbayawu bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, kó sì tẹ́ aṣọ òwú sórí bẹ́ẹ̀dì dípò èyí tó dà bí ọ̀rá.

Àtakò tó lágbára jù ni ti olè àti ẹ̀fọn, kò sì sí ẹni tó lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Irin ojú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì tí a kàn mọ́ ọn ni ìdáhùn. Ibùsùn náà ṣì nílò àwọ̀n ẹ̀fọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀n ń dín afẹ́fẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí fáànù fi gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Àwọn tó ń sọ pé fáànù ń fa òtútù àyà, kòkòrò àrùn ló ń fà á, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ti ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ẹni tó bá ní in kó lò ó, ṣùgbọ́n kó fi í sí 25, kó sì tan fáànù pọ̀ mọ́ ọn. Fáànù òkè àjà ń jẹ nǹkan bíi 70 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré lè jẹ ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ iye tí iná jẹ́ báyìí. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí yẹn, nítorí gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, tí imú kì í gbóòórùn, ti pa odindi ìdílé sójú oorun.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ekiadolor, ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá káfíńtà yín sọ̀rọ̀ nípa àjà àti fèrèsé kí wọ́n tó kan páànù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kàn án tán, owó àtúnṣe yóò ti pọ̀ ju ohun tí ẹ bá ti ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀ lọ.