Bí Omi Bá Wọ Ọkọ̀ Dísù Yín, Ẹ Má Tíì Sítáàtì Rẹ̀

Bí omi bá fà tán, tí a ti gbá ẹrẹ̀ kúrò nínú ilé, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sáré lọ wò. Ọkọ̀ ni dírẹ́bà fi ń bọ́ ọmọ, òun ni ìyá ọlọ́jà fi ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ọjà, òun náà ni a fi ń gbé aláìsàn láti abúlé lọ sí ọsibítù ní Ìjerò tàbí Adó. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti gbẹ lójú, ọwọ́ á ti kan kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ọkọ̀ tí ì bá gba ọ́ìlì tuntun, fílítà àti iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì lè gba odindi ẹ́ńjìnì mìíràn, nítorí pé ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó kan ọkọ̀ dísù kékeré oní-tọ́bò jù. A ó fi Sharan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn ọkọ̀ akérò tí a mọ̀ dáadáa ní agbègbè wa.

Ẹ́ńjìnì wo là ń sọ?

Ọdún 1995 ni Volkswagen kọ́kọ́ gbé Sharan jáde, wọ́n sì ń ṣe irú ti àkọ́kọ́ yìí títí di 2010. Ní Palmela, ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló ṣe Ford Galaxy àti Seat Alhambra ìgbà náà, tí wọ́n dà bí ìbejì rẹ̀. Sharan kan ń lo bẹntiróòlù, òmíràn ń lo dísù. Bí wọ́n bá kọ TDI sí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, dísù ló ń lò.

Ẹ́ńjìnì dísù tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni 1.9 TDI. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ìwọ̀n gbogbo wọn sì jẹ́ 1,896 cc. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ní agbára ẹṣin 90 tàbí 110, ó sì ní pọ́ǹpù kan tó ń pín dísù fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n ti ń lo irú kejì, tí agbára ẹṣin rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 115 sókè. Nínú èyí, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ní pọ́ǹpù tirẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, ó sì lè ti dísù jáde pẹ̀lú agbára tó tó 2,000 bar. Golf àti Passat náà lo ẹ́ńjìnì yìí, ìdí nìyẹn tí pááàtì rẹ̀ kò fi ṣòro láti rí.

Kí ló dé tí omi fi burú fún dísù ju bẹntiróòlù lọ?

Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Dísù kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, bí nọ́sù bá wá fọ́n dísù sí i, á gbiná fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Rudolf Diesel, ará Jámánì, fi ṣe ẹ́ńjìnì tó ṣiṣẹ́ yanjú ní 1897, orúkọ rẹ̀ náà ni a sì fi ń pe epo yìí títí dòní.

Kí afẹ́fẹ́ tó lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fún pọ̀ gidigidi. Nínú 1.9 TDI ti ìbẹ̀rẹ̀, ìlọ́po 19.5 ni wọ́n ń fún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sílíńdà kan gba nǹkan bí 474 cc. Bí písítìnì bá dé òkè pátápátá, àyè tó kù lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 26 cc lọ. Ìyẹn tó ṣíbí tíì márùn-ún. Ti ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò jìnnà sí i ní ìwọ̀n máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí.

Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, omi kò ṣe é fún pọ̀. Bí omi tó ju ṣíbí tíì márùn-ún lọ bá wà nínú sílíńdà kan, tí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́, písítìnì á gbéra, á bá omi pàdé, kò ní rí ibi lọ. Irin tó gbé písítìnì ni yóò tẹ̀. Nígbà mìíràn kò ní ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ á sítáàtì, ẹ ó máa dúpẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan irin tó ti tẹ̀ á já, á sì gún ara ẹ́ńjìnì jáde.

Omi tó ń sápamọ́

Tọ́bò ni fáànù kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnì ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú sílíńdà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kékeré lè gbé èrò méje gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Kí afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò jáde tó dé ẹ́ńjìnì, ó máa ń gba inú ohun kan tó dà bíi rèdíétọ̀ kọjá, kí ó lè tutù. Intercooler ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń wà, níwájú ọkọ̀, nítorí náà omi máa ń dúró sínú rẹ̀.

Èyí ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á fa omi inú sílíńdà gbẹ, wọ́n á pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n á sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń gba afẹ́fẹ́, ó tún fa omi inú intercooler wọlé. Ẹ rí i pé mẹkáníìkì tú àwọn páìpù rẹ̀, kí ó sì da omi rẹ̀ nù.

Ohun tí ẹ ó ṣe, lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá, àní láti fi wò bóyá iná ṣì wà. Ẹ má sì ti ọkọ̀ kí ó lè sítáàtì. Bí ẹ bá fẹ́ fà á kúrò nínú ẹrẹ̀, kí jíà wà ní òmìnira.

2. Ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Iná tó bá pàdé omi ló ń ba brain box àti àwọn wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì jẹ́.

3. Ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ ya ìlà dé lára ọkọ̀, kí ẹ sì fi fóònù yà á kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bí omi kò bá kọjá ìdajì táyà, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnì má fara gbá. Bí ó bá dé ibi tí fílítà afẹ́fẹ́ wà, ẹ gbà pé omi ti wọlé títí mẹkáníìkì yóò fi rí i pé kò wọlé.

4. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì oní-mílíìkì, tàbí tí ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Lórí ọ́ìlì ni ọ̀pá tọ́bò ń yí, ó sì ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì olómi kò ní pẹ́ bà á jẹ́.

5. Kí mẹkáníìkì tú héítà pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí omi bá wà níbẹ̀, ihò wọ̀nyí ni yóò gbà jáde. Bí ẹ́ńjìnì bá kọ̀ tí kò yí, kí ó má fi agbára ṣe é.

6. Ẹ yẹ dísù wò. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ táńkì àti ìsàlẹ̀ fílítà ni ó máa ń wà. Ẹ da dísù díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá pín sí méjì, ẹ fa táńkì gbẹ. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bí ọ́ìlì fún pọ́ǹpù àti nọ́sù, bí omi bá rọ́pò rẹ̀, wọ́n á dípẹtà.

7. Kí wọ́n ṣí ìdérí táímìn bẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já, fáfù àti písítìnì á kọlu ara wọn. Ẹ tún yẹ ọ́ìlì jíà, bíréèkì àti bíárìn táyà wò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ lè so bátìrì padà, kí ẹ sì sítáàtì.

Àìsàn tí kò ti ọ̀dọ̀ omi wá

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó ìkún omi lọ́wọ́ yín lórí àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yọ èéfín dúdú, tí kò lágbára láti gun òkè, ó sábà máa ń jẹ́ pé èérí èéfín ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, tàbí pé ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ fún brain box ti bàjẹ́, tàbí pé páìpù tọ́bò ti ya. Èéfín tó dà bí àwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì ń jó ọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ tọ́bò. Ẹ tètè tọ́jú èyí, nítorí dísù tó bá ń fa ọ́ìlì tọ́bò mu lè máa sáré lẹ́yìn tí ẹ ti pa kọ́kọ́rọ́. Ní ti ẹ́ńjìnì 115 sókè, ọ́ìlì tí wọ́n kọ 505.01 sí lára ni Volkswagen ní kí a lò. Ọ́ìlì lásán máa ń jẹ́ kí irin tó ń ti fáfù àti nọ́sù jẹ kíákíá.

Fún ẹni tó ní ọkọ̀ àti ẹni tó ń wà á

Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Wọ́n ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rù owó yìí ló sì máa ń mú wọn yí kọ́kọ́rọ́ kí ó tó yẹ. A bẹ ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ dá owó náà dúró títí mẹkáníìkì yóò fi yẹ ọkọ̀ wò tán. Owó ọjọ́ mélòó kan kò tó owó ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ pe ọlọ́kọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ fi àwòrán ìlà ẹrẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ó má baà di ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ lẹ́yìn àsìkò òjò, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbóòórùn abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìpẹtà lára irin abẹ́ ìjókòó. Wọ́n lè fọ ìta ọkọ̀, wọn kì í sábà rántí ibẹ̀.

Bí ẹ bá sì bá omi tó ń ṣàn kọjá lórí títì, ìbáà jẹ́ lọ́nà Ìkọ́gòsì tàbí lẹ́bàá Ìtawúrẹ́, ẹ dúró. Omi tó ń ṣàn tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lè gbé ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ bàtà méjì lè gbé Sharan tòun tèrò. Ẹ pa ọkọ̀ síbi gíga, kí ẹ dúró kí omi fà.