Adágún Omi Àjọlò: Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Rẹ̀ Lẹ́yìn tí A Bá Gbẹ́ Ẹ Tán?

Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí àkúrọ̀ nínú yín mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí omi inú kòtò sì fà, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́: ẹ jẹ́ kí a dá owó, kí a gbẹ́ kòtò mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Gbígbẹ́ kọ́ ni ìṣòro omi àjọlò. Ìtọ́jú rẹ̀ ni. Kí èyí lè yé wa, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè méjì tí ọ̀dá ń yọ lẹ́nu ṣe sọ adágún àtijọ́ wọn di ọ̀tun, àti ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rí kọ́ níbẹ̀.

Àwọn adágún Sri Lanka

Erékùṣù kan ní gúúsù Íńdíà ni Sri Lanka, tí a mọ̀ sí Ceylon títí di ọdún 1972. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń pe apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má rò pé òjò kì í rọ̀ síbẹ̀ o. Ní àwọn ibòmíràn nínú rẹ̀, òjò ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Èkó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìn-ín-ní ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjò náà máa ń rọ̀.

Nítorí náà, ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń mọ odi iyẹ̀pẹ̀ dí àfonífojì, kí omi òjò lè dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń fi ihò sí ìsàlẹ̀ odi náà, tí wọ́n ń ṣí nígbà tí oko ìrẹsì bá ń fẹ́ omi. Wọ́n sì ń fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún omi àkúnya, kí ó má baà wó odi. Wọ́n ń dá igbó sí lókè adágún, torí òun ni kì í jẹ́ kí àgbàrá gbé iyẹ̀pẹ̀ wá kún inú rẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́ kù ní oko abúlé òkè á ṣàn lọ sí adágún abúlé ìsàlẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n òfin abúlé ló mú odi wọ̀nyí dúró. Bí ilẹ̀ ẹni lábẹ́ adágún bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín odi tí yóò máa tún ṣe yóò ṣe tó. Ẹnì kan tí wọ́n yàn, tí wọ́n ń pè ní vel vidane, ló ní àṣẹ láti ṣí omi. Bí ọ̀dá bá dé, tí omi kò lè kárí, apá oko tó sún mọ́ adágún nìkan ni wọ́n á dá, wọ́n á sì pín in fún gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀, títí òjò yóò fi padà. Bethma ni orúkọ àṣà náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọ ni ọ̀dá.

Ní 1832, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí iṣẹ́ ọba tí wọ́n ń fi ipá mú ará ìlú ṣe. Ó dára kí ìfipámúni parí, ṣùgbọ́n agbára tí ìgbìmọ̀ abúlé fi ń kó ènìyàn jọ sídìí odi bá a lọ, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Odi ń ya, ẹrẹ̀ ń kún, kò sẹ́ni tó lè bi ẹnìkejì léèrè. Ní 1856, nígbà Gómìnà Henry Ward, ìjọba kan náà ṣe òfin tó dá àṣà abúlé lórí omi oko padà. Òfin náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní 1958, ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ rọ́pò vel vidane. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ló ń bójú tó adágún kéékèèké. Ní 2017, FAO, àjọ àgbáyé tó wà fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ka ètò adágún yìí mọ́ àwọn ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ṣe pàtàkì láyé.

Àwọn ará Alwar

Ní Alwar, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, òjò kò tó nǹkan rárá. Johad ni wọ́n ń pe adágún abúlé tiwọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nígbà tí Rajendra Singh àti ẹgbẹ́ Tarun Bharat Sangh dé abúlé Gopalpura ní 1985. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwòsàn àti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àgbà abúlé sọ fún wọn pé omi ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀. Omi òjò dúró nínú johad, ó rọra ń rin ilẹ̀, omi kànga sì ń gòkè. Abúlé mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn sì ń dá lára owó àti iṣẹ́ rẹ̀. Odò Arvari, tó ti gbẹ, padà sí ṣíṣàn. Ní 1999, nǹkan bí 70 abúlé etí odò náà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ṣe òfin lórí bí wọn yóò ṣe máa lo omi. Wọ́n mọ̀ pé omi tó padà lè tún lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 nítòsí Abẹ́òkúta, ní òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún. Kòtò inú àkúrọ̀ kò ní irú wọn. Àwa tí a ń pọn omi nínú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìlú sì ti kún: ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,277,000 ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ilé sì ń wọ inú àkúrọ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí:

1. Kí ẹgbẹ́ bá onílẹ̀ ṣe ìwé, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó gbẹ́ kòtò sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé, onílé ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ fún.

2. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń pọn omi níbẹ̀ àti iye ebè rẹ̀. Bí ebè bá ṣe pọ̀ tó ni owó àti iṣẹ́ ẹni yóò ṣe pọ̀ tó.

3. Kí a yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ omi. Kí akápò sì ní ìwé ọ̀tọ̀ fún owó rẹ̀, kí a máa kà á ní ìpàdé.

4. Kí a fẹnu kò, nígbà tí omi ṣì pọ̀, lórí bí a ó ṣe pín in nígbà tó bá dín kù. Ẹni tí òùngbẹ bá ti ń gbẹ kò ṣeé bá ṣòfin.

5. Kí a máa kó ẹrẹ̀ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, kí òjò tó dé. Àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ń da irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ sóko bí ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi gọ́tà bá ń wọ inú kòtò tiyín, ẹ má ṣe dà á sí ẹ̀fọ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ dí ojú àgbàrá láti fi ṣe adágún, kí omi má baà ya wọlé aládùúgbò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó jọ gbẹ́ kòtò lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ tún jọ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. A rọ alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní àgbẹ̀ àkúrọ̀ láti ka ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí wọ́n sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sínú ìwé ìpàdé.